Kí Ẹ Tó Ra Tábúlẹ́ẹ̀tì Ìkàwé

 

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí a wọlé ní sáà yìí, lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, àbúrò kan tó wà ní ọdún kìíní dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan kan." Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán tábúlẹ́ẹ̀tì kan hàn mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB, mẹ́mọ̀rì rẹ̀ 512GB, bátìrì rẹ̀ 10,000 mAh, ojú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 10.1. Wọ́n ní àwọn yóò fi kíbọọ̀dù, kéèsì, íápíìsì àti aago ọwọ́ ṣe èènì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦95,000.

Ó ti fẹ́ sanwó. ₦150,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èsúsú ni màmá rẹ̀ kó ní Kàbà, tó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó fi ra ohun tí yóò máa fi kàwé, nítorí owó fótókọ́pì ti ń pọ̀ jù. Èsúsú yẹn kò tún ní kan màmá títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kó má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi jókòó. Ohun tí mo bá a sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àti ohun tí a rí nígbà tí a jọ lọ sọ́jà, ni mo kọ síhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ojú àpá tèmi hàn yín. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, èmi náà ra irú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn. N kò ní dárúkọ ọjà náà tàbí ẹni tó tà á fún mi. Orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí kí ọjọ́ náà tó dé, n kò sì tún gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. 256GB ni wọ́n kọ sí i lára. Nígbà tí mo wọ inú Settings láti wo Storage, 256GB náà ni mo rí níbẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo kó gbogbo hándáòtù sáà náà sínú rẹ̀, mo kó àwọn ìwé ńláńlá tí àwọn ẹ̀gbọ́n fún mi sínú rẹ̀, mo tún ń fi gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ nínú kíláàsì. Fún oṣù méjì, kò sí ìyọnu kankan.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣí hándáòtù kan tí mo ti kà dé àárín. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, bí ó ṣe tóbi tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí. Mo tẹ òmíràn, kò ṣí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti rí i pé ohun tó lé ní ìdajì ẹrù mi ti bàjẹ́. Fótókọ́pì tó wà lọ́wọ́ mi kò sì ju ti kọ́ọ̀sì méjì lọ, nítorí mo ti rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ bébà. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló là mí lójú. Mẹ́mọ̀rì tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì náà ní tòótọ́ kò ju 16GB lọ. Àwọn tó ṣe é ló tún ètò inú rẹ̀ kọ kí ó lè máa pe ara rẹ̀ ní 256GB.

Gbogbo wa la mọ múdù tí wọ́n ti fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ wọnú kí ẹ̀wà má baà gbà púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun kan náà ni, àmọ́ tèyí burú jù, torí ẹ̀wà tó bá ti kún múdù yóò hàn sí yín. Tábúlẹ́ẹ̀tì ayédèrú kì í sọ pé òun ti yó. Bí 16GB rẹ̀ bá ti kún, yóò máa gba ẹrù lọ bẹ́ẹ̀, yóò máa kọ tuntun lé orí ti tẹ́lẹ̀. Orúkọ ìwé yóò wà níbẹ̀, ìwé fúnra rẹ̀ yóò ti lọ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í hàn lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ìgbà tí ẹ bá ti kó ẹrù tó pọ̀ sínú rẹ̀, tí ẹ sì ti gbára lé e, ló ń hàn.

Mo wá ní kí àbúrò mi fi èyí tó fẹ́ rà wé tábúlẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tó lórúkọ. Samsung gbé Galaxy Tab A9 jáde ní 2023, èyí tó wà lára àwọn tó dẹjú jù tí wọ́n ń ṣe nígbà náà. Èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ ní RAM 4GB àti mẹ́mọ̀rì 64GB. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 8GB àti 128GB. Owó rẹ̀ sì ju ₦95,000 lọ dáadáa. Ta wá ni yóò fi 512GB sínú ohun tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tí yóò tún fi aago ọwọ́ ṣe èènì? Ó dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Èmi náà kò bi ara mi ní ìbéèrè náà nígbà tèmi.

Ohun tí ẹ ń kà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n

Ọ̀pọ̀ wa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ àti nọ́ńbà. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ìwé tí ẹ ń kà ló dára jù. Kí ni ẹ ń kà ní ti gidi? Fún ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín, hándáòtù ni, èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà A4, tí ẹnì kan wá fi fóònù yà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tó sọ ọ́ di PDF, tó jù ú sórí WhatsApp kíláàsì. Bébà A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, ó sì gùn ní 29.7. Bí ẹ bá ká a sí méjì, ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ni A5. Ẹ fi rúlà wọn A5 náà láti igun dé igun, ẹ ó rí bíi sẹ̀ǹtímítà 25.7, èyí tó jẹ́ íǹṣì 10.1. Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ń wọn ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, láti igun dé igun. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní íǹṣì 10.1, ẹ mọ̀ pé ìdajì bébà A4 ni wọ́n ń tà fún yín. Ti íǹṣì 7 kò tó ìdajì ìdajì yẹn.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún ojú yín? Bí wọ́n bá fi lẹ́tà 12 tẹ hándáòtù, tí gbogbo ojú ewé náà sì hàn lórí íǹṣì 10.1, lẹ́tà náà yóò rí bíi 8. Lórí íǹṣì 8.7, yóò rí bíi 6 àti ààbọ̀. Lórí íǹṣì 7, kò ní ju 5 àti díẹ̀ lọ. Ẹ lè fẹ ojú ewé náà lóòótọ́, àmọ́ ẹ ó máa tì í sọ́tùn-ún, ẹ ó máa fà á sósì ní gbogbo ìlà, títí ẹ ó fi gbàgbé ohun tí ẹ ń kà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dán an wò kí ẹ tó náwó. Ẹ mú ojú ewé hándáòtù yín tó le jù, èyí tí fọ́múlà kún inú rẹ̀, lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe fótókọ́pì. Ẹ ní kó bá yín dín in kù sí 65%, kó tún ṣe òmíràn ní 54%. Èkíní ni ohun tí ẹ ó máa rí lórí íǹṣì 10.1, èkejì ni ti 8.7. Ẹ gbé méjèèjì lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ kà wọ́n lálẹ́ nídìí iná tí ẹ sábà máa ń lò. Owó fótókọ́pì méjì péré ni, ó sì sàn ju kí ẹ máa ronú píwà dà lẹ́yìn tí owó ti lọ.

Ìwé tí wọ́n ṣe ní EPUB yàtọ̀, torí lẹ́tà inú rẹ̀ ṣeé fẹ̀ láìjẹ́ pé ìlà kọjá etí ojú. Bákan náà ni Bíbélì orí fóònù. Ẹni tó jẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń kà jù, tó sì ń rìn kiri púpọ̀, íǹṣì 8 tàbí 8.7 yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka hándáòtù tí wọ́n yà ní fọ́tò, tèmi ni pé kó má lọ sábẹ́ íǹṣì 10.

Bí ojú ṣe mọ́lẹ̀ kedere tó tún ṣe pàtàkì. Ẹ ó rí i lára páálí: 1280 x 800, tàbí 1920 x 1200. Ẹ̀rún ìmọ́lẹ̀ tó para pọ̀ di àwòrán ni wọ́n ń kà. Lórí íǹṣì 10.1, 1280 x 800 ń fúnni ní bíi 149 ẹ̀rún nínú íǹṣì kan. 1920 x 1200 ń fúnni ní bíi 224. Ìyàtọ̀ náà kò hàn púpọ̀ nínú fíìmù. Ibi tó ti ń hàn ni nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n ń kọ sí ẹsẹ̀ lẹ́tà nínú kẹ́mísírì àti ìṣirò. Bí owó bá lè ká a, 1920 x 1200 ni kí ẹ mú.

Tábìlì àti àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì

RAM ni orí tábìlì tí ẹ ń tẹ́ ìwé sí nígbà tí ẹ bá ń kàwé. Mẹ́mọ̀rì ni àpótí tí ẹ tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí lè tóbi kí tábìlì kéré. Nígbà náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣí ìwé kan, ẹ ní láti pa èkejì dé. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2GB yóò ṣí PDF kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní hándáòtù onífọ́tò tó tó 80MB, yóò máa rá pálá, ó sì lè ti ara rẹ̀ pa mọ́ yín lójú. 3GB ni mo lè ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. 4GB ló dára.

Ẹ̀tàn kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó lórúkọ pàápàá ń ṣe. Wọ́n á kọ 8GB gàdàgbà, wọ́n á wá fi lẹ́tà tíńtín kọ 4GB + 4GB sábẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni RAM gidi. Mẹ́rin kejì, ara mẹ́mọ̀rì ni wọ́n ti yá a. Ó dà bí ẹni tó gbé pákó lé orí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń pè é ní tábìlì. Ó ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀, kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ kò yá bíi tábìlì gidi. Nọ́ńbà tó ṣáájú àmì ìròpọ̀ ni kí ẹ máa kà.

Ní ti mẹ́mọ̀rì, 64GB tó fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í kó fíìmù jọ. 32GB há, torí ètò tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lè gba 10GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ihò mẹ́mọ̀rì káàdì wà níbẹ̀. Àwọn Galaxy Tab A tí mo mọ̀ ní in. iPad kankan kò ní in, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tábúlẹ́ẹ̀tì kò wúlò láìsí dátà lójoojúmọ́. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní 2013, wọ́n ti kó àwọn ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara yín: ẹ kó gbogbo ìwé sáà kan sínú rẹ̀ ní ọjọ́ kan tí ẹ bá rí Wi-Fi, ẹ pa dátà, ẹ máa kàwé yín. Nítorí èyí ni n kì í fi í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi owó kún un torí ihò síìmù. Èyí tó ń lo Wi-Fi nìkan dẹjú jù, fóònù yín sì lè fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná

Ìyókù tó wà lára páálí kò tó nǹkan, àmọ́ iná ṣe pàtàkì. Bátìrì Galaxy Tab A9 jẹ́ 5,100 mAh. Ti Tab A8, tó jẹ́ íǹṣì 10.5, jẹ́ 7,040. Bí ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù tí ẹ sì pa Wi-Fi, èyí tó tó 7,000 yóò bá yín ka ìwé láti àárọ̀ dé alẹ́.

Páwà bánkì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. 10,000 mAh tí wọ́n kọ sí i lára kọ́ ni yóò dé inú tábúlẹ́ẹ̀tì yín. Agbára inú rẹ̀ wà ní fólíìtì 3.7, ó ní láti gbé e sókè sí 5 kí ó tó lè jáde láti ihò USB, díẹ̀ sì ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Èyí tó jẹ́ 10,000 tòótọ́ yóò kún bátìrì 7,040 ní bíi ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ń retí ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ ni yóò máa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ẹ wo ihò tí ṣájà ń wọ̀. USB-C ni kí ẹ wá, torí irú rẹ̀ ni fóònù àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ń lò, ẹ ó sì rí ṣájà yá nígbà tí tiyín bá bàjẹ́. iPad lásán láti ìran kẹrin títí dé ìran kẹsàn-án ti 2021, Lightning ni wọ́n ń lò. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi nǹkan dí ihò náà, torí eruku Zaria kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Nígbà ooru oṣù kẹta sí ìkẹrin, ẹ má ṣe ṣájì rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ má sì fi í sílẹ̀ létí fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé. Ooru ló ń tètè sọ irú bátìrì yìí di arúgbó.

Tuntun ni tàbí tòkunbọ̀?

Pẹ̀lú owó tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní, tòkunbọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ tó lórúkọ wá sàn ju tuntun tí a kò mọ baba rẹ̀ lọ. Mo dúró lórí èyí. Àmọ́ tòkunbọ̀ ní ewu tirẹ̀, pàápàá iPad.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí. iPad kì í fi í hàn lára. Ó lè máa dán bíi tuntun nígbà tí Apple ti dáwọ́ dúró lórí rẹ̀. iPad Air àkọ́kọ́, ti 2013, kò kọjá iOS 12. iPad Air 2 àti iPad mini 4 dúró ní iPadOS 15. iPad ìran karùn-ún, ti 2017, dúró ní 16. Ìran kẹfà dúró ní 17. Bí ètò inú rẹ̀ bá ti gbó jù, àwọn áàpù tí ẹ fẹ́ lò yóò máa kọ̀ láti wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ Settings, General, About, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ gan-an níbẹ̀. Ẹ má gbọ́ ohun tí ẹni tó ń tà á bá pè é.

Èkejì ni títìpa. Bí ẹni tó ni iPad tẹ́lẹ̀ kò bá yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò, lọ́jọ́ tí ẹ bá nù ún, yóò béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹni náà, kò sì ní ṣí. Android náà ní irú rẹ̀: bí wọ́n bá fi tipátipá nù ún, yóò béèrè Google ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ iPad ló jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ lókè òkun, ilé ẹ̀kọ́ náà sì ṣì lè ní àṣẹ lórí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ ó rí Remote Management lójú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ó sì lè ti ara rẹ̀ mọ́ yín nígbàkígbà.

Oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju ọ̀kan lọ: kí ẹni tó ń tà á nù ún láti inú Settings lójú yín, kí ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi ṣí dé ojú ilé, kí ẹ tó yọ owó. Bí ó bá ní òun kò lè nù ún, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Ohun tí kò ṣeé nù lè jẹ́ ohun tí wọ́n jí. Mo mọ̀ pé ẹ̀dínwó máa ń dùn mọ́ni, àmọ́ wọ́n jí tábúlẹ́ẹ̀tì méjì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó ni wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà sí.

Kindle Fire ti Amazon náà ń wọlé bíi tòkunbọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń fani mọ́ra. Kò ní Play Store nínú láti ilé. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó lè bá yín tún un ṣe, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tuntun, kó wo ibi tí wọn yóò ti tún un ṣe. Carlcare ló ń tún ti TECNO, Infinix àti itel ṣe, wọ́n sì ní ọ́fíìsì káàkiri àwọn ìlú ńlá. Gíláàsì ojú tó fọ́ lára tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò lórúkọ, àfi kí ẹ máa wò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí kò yẹ kí ẹ ra tábúlẹ́ẹ̀tì rárá náà wà. Ẹni tó wà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń lo AutoCAD, tàbí tó máa tó fi SPSS ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, tòkunbọ̀ láptọ́ọ̀pù ni kó tu owó jọ fún. Tábúlẹ́ẹ̀tì Android kò lè gbé àwọn ètò yẹn bí wọ́n ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà. Kíbọọ̀dù tí wọ́n fi ṣe èènì kò sọ ọ́ di láptọ́ọ̀pù.

Ọjọ́ tí a lọ sọ́jà

Ní ọjọ́ Sátidé, a gbéra. Mo mú kébù OTG àti fláàṣì kan tí mo kó fídíò ńláńlá sí dání. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, wọ́n gbé iPad kan fún wa, ₦110,000, ó mọ́ tónítóní. Ojú àbúrò mi ti tàn. Mo ní kí wọ́n nù ún. Ọkùnrin náà ń sọ "ba matsala" ṣáá, àmọ́ kò nù ún. Nígbà tó wá nù ún, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà ló yọ lójú rẹ̀. A dúpẹ́, a jáde.

Ṣọ́ọ̀bù kẹrin la ti rí Galaxy Tab A8, RAM 4GB, mẹ́mọ̀rì 64GB, ojú 1920 x 1200. Ìlà ìfára kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n pè é ní ₦145,000. Wọ́n nù ún lójú wa, a tò ó. Mo fi fláàṣì kó ẹrù sínú rẹ̀, mo sì ń ṣí fídíò àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn wò bóyá wọ́n pé. Mo ṣí ojú ewé funfun, mo wò ó bóyá àbàwọ́n wà. Mo fi ìka fa áàpù kan láti igun dé igun bóyá ibì kan wà tí kò gbọ́ ìfọwọ́kàn. A fi ṣájà sí i, mo sì mì í díẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá ihò náà ti dẹ̀. A lo bíi wákàtí kan. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń wò wá bíi pé a wá ra ilé.

A náà á wálẹ̀ sí ₦128,000. Kéèsì jẹ́ ₦6,000, mẹ́mọ̀rì káàdì 32GB jẹ́ ₦7,500. ₦8,500 ló kù. Mo fẹ́ kó fi ra páwà bánkì, àmọ́ àwọn tó wà ní iye yẹn kò wú mi lórí, a sì fi owó náà sílẹ̀.

Káàdì yẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ. Gbogbo ìwé tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì náà ló tún wà lórí rẹ̀, àbúrò mi sì yọ ọ́, ó tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó pe màmá rẹ̀ ní Kàbà. Màmá ní kó gbé fóònù fún mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé kò ní bàjẹ́?" Mo ní, "Mà, ó lè bàjẹ́ o, àmọ́ ìwé inú rẹ̀ kò ní bá a lọ."

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ra tiẹ̀, kó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Ẹtì. Fláàṣì náà àti kébù OTG wà nínú báàgì mi. Mo lè yá yín, àmọ́ ẹ dákun, ẹ dá wọn padà.